Àwọn Alárù Wínníwínní Nínú Orí Ìbídùnní

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ará. Kí àwọn tí ó kúrú jókòó níwájú, kí àwọn tí ó ga lọ sẹ́yìn, ẹni tí ó bá sì mọ̀ pé òun máa sùn lọ, kí ó fẹ̀yìn ti ògiri, kí ó má fi ti èjìká ọmọ ẹlòmíràn. Òjò tí ó lé wa kúrò lóko lónìí ṣe wá lóore, nítorí ó pẹ́ tí mo ti ń wá ìgbà tí gbogbo yín kò ní rí ibì kankan sá lọ. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni Ọdẹ́yẹmí, ọdẹ tí ẹfọ̀n ń rí tí ó ń dágbére fún àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo yin ìbọn lẹ́ẹ̀kan tí ìgalà mẹ́ta ṣubú, tí ìkẹrin tí ọta kò bà sì ní kí n dúró de òun, òun ń bọ̀. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lápá ibẹ̀ yẹn, mo mọ bàbá rẹ dáadáa. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni ó pa láyé rẹ̀, àìsàn ló sì ń ṣe ọ̀kẹ́rẹ́ náà.

Mo ti wọ igbó tí iwin ń gbé. Mo ti wọ èyí tí iwin fúnra wọn kì í wọ̀ láìmú ẹnì kejì dání. Ṣùgbọ́n igbó tí ó dẹ́rù bà mí jù láyé mi kò ní igi kankan nínú. Inú orí aya mi, Ìbídùnní, ni ó wà.

Ìbídùnní ni ìyá Bọ́sẹ̀dé, àkọ́bí mi. Ìkòkò ni ó ń mọ, kò sì sí ilé kan ní àdúgbò wa tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú. Orí ni ó kọ́kọ́ ń fọ́ ọ láràárọ̀, a ní iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìkòkò tí ó ń mọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn. Nígbà tó yá, orúkọ nǹkan dàrú mọ́ ọn lójú. Ó ń pe odó ní àna rẹ̀, ó sì ń kúnlẹ̀ kí i ní kùtùkùtù. Ó ń pe èmi ọkọ rẹ̀ ní ìdérí ìkòkò. Lọ́jọ́ kan ó gún iyán, ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tì í, ó gbé e fún òbúkọ wa, ó ní, “Bàbá Bọ́sẹ̀dé, ẹ wá jẹun.” Òbúkọ náà kò sì sọ pé òun kọ́. Ó jẹ iyán mi, ó jẹ ẹran inú ọbẹ̀ mi, ó wò mí lójú, ó sì gùfẹ̀.

Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó wo Bọ́sẹ̀dé tí ó bí, tí ó bi í pé ọmọ ta ni, ẹ̀rín kú lẹ́nu wa. Ẹ̀rù bà mí, èmi Ọdẹ́yẹmí. Mo lọ sí ẹ̀yìn àtíbàbà, mo sunkún bí ọmọdé.

A gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ń jẹ́ Àríyìíkẹ́, ya fọ́tò inú orí rẹ̀, ó sì fi hàn mí. Kókó kan wà láàárín gbùngbùn ọpọlọ rẹ̀, ó tó odidi obì. Dókítà ní ibi tí kókó náà lúgọ sí, ọ̀bẹ kò lè débẹ̀ láìba ohun rere jẹ́. Mo ní kí wọ́n fún un lóògùn. Ó ní oògùn wà, àmọ́ àwọn oníbodè kan tò yí ọpọlọ ká tí wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọlé, àti pé oògùn náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá dà á sára púpọ̀ kí ó lè fipá wọlé, yóò ti ba gbogbo ara jẹ́ kí ó tó débẹ̀. Ó wá ní àwọn onímọ̀ ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi di oògùn náà ru ohun kan tí ó kéré púpọ̀púpọ̀, ohun tí ó jẹ́ pé tí a bá fi ẹyọ irun kan wé e, irun náà yóò dà bí ìtì ọ̀pẹ. Ohun náà ni yóò gbé e gba ibodè kọjá. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń dán an wò ni, kò tí ì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Mo bi í pé ìlú wo ni àwọn nǹkan kékeré náà ń gbé. Ó ní wọn kì í gbé ìlú. Mo ní, “Dókítà, ohun tí ó bá wà, ó ní ìlú. Ohun tí ó bá ní ìlú, ó ní ọ̀nà. Ọ̀nà tí ó bá sì wà, ọdẹ ti rìn ín.” Mo ní kí ó máa ṣọ́ tábìlì rẹ̀, pé bí ó bá rí ìgò oògùn kan níbẹ̀ tí ń kí i káàárọ̀, kí ó má bẹ̀rù, kí ó fà á sínú abẹ́rẹ́, kí ó sì gún Ìbídùnní. Ó fi ohùn tí wọ́n fi ń bá ọkọ aláìsàn sọ̀rọ̀ dá mi lóhùn pé ó dáa, òun yóò máa ṣọ́ ọ. Ó wá ní kí n má pẹ́, nítorí kókó náà ń dàgbà.

Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo wọ inú igbó. Ẹ má bi mí bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó. Ọdẹ tí ó bá ń ka máìlì, ẹ wò ó dáadáa, dírẹ́bà ni.

Igbó tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ni Igbó Ohun-Gbogbo-Tóbi. Bí ẹni ń wo òkè ni mo fi ń wo olú níbẹ̀. Iwin tí ó ń ṣọ́ igbó náà ń jẹ́ Gàgàrà. Imú méje ni ó ní, bí ọ̀kan bá sì sín, àwọn mẹ́fà yòókù á ní “pẹ̀lẹ́”. Nígbà tí ó gbọ́ pé ohun kékeré ni mò ń wá, ó bínú, ó ní òun kórìíra ohun kékeré, kò sì ní kọjá nínú igbó òun. Ó ní àlọ́ kan wà tí òun ti ń pa fún àlejò láti ìgbà pípẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n, bí n kò bá mọ̀ ọ́n, òun yóò fi mí dí imú òun kẹta tí ó ń ṣọyún. Ó ní, “Kí ni ó wọ ààfin tí kò kí ọba, tí ó bá ọba lórí ìtẹ́ tí kò dọ̀bálẹ̀, tí ọba fúnra rẹ̀ wá ń pàtẹ́wọ́ fún un?”

Ẹ̀yin ará, ẹ má sọ ọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n gbádùn ọgbọ́n mi. Mo fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, mo rìn lọ, mo rìn bọ̀, kí ó lè dà bí ẹni pé ó ṣòro. Mo wá ní, “Ẹ̀fọn ni.”

Gàgàrà la ẹnu sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀fọn? Ẹ̀fọn lásán?” Àṣé òun gan-an ni ọba inú àlọ́ náà. Kò sùn dáadáa láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sì mọ orúkọ ohun tí ń ṣe é. Ó ti gbà pé òrìṣà kan ni, tí òun ń pàtẹ́wọ́ fún. Ó jókòó sílẹ̀ gbì, imú rẹ̀ méjèèje sì ń sunkún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rọ̀ ọ́ pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ, kí ó má fi ojú kékeré wo ohun kékeré mọ́. Ó fi ọ̀nà hàn mí, ó sì ní kí n bá òun ra àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n ń ta sórí bẹ́ẹ̀dì, bí mo bá rí èyí tí ó tóbi tó òun. N kò tí ì rí i títí di òní.

Ìgbà tí mo la igbó náà já, mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí a bá ń da iyanrìn sínú páànù. Mo wo ìsàlẹ̀, n kò rí nǹkan kan. Mo dùbúlẹ̀, mo fi etí kan ilẹ̀, ìgbà náà ni mo gbọ́ pé ìkíni ni. “Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú ẹsẹ̀ tí ẹ kò tí ì gbé lé wa lórí.” Ìlú Wínníwínní ni mo dé yẹn. Gbogbo ìlú náà, àti ààfin, àti ọjà, àti oko, orí ìdajì ewé efinrin kan ni ó wà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọba wọn, Oníwínní. Èémí mi nìkan ṣí òrùlé ìdajì ìlú, adé ọba sì fò lọ sórí ewé kejì. Wọn kò bínú. Wọ́n kí mi kú atẹ́gùn.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa síbí, torí ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ará Wínníwínní ni àwọn alárù tí ó lè gbé oògùn dé ibikíbi nínú ara ènìyàn. Agbára wọn tó o, ẹ̀kọ́ ilé ni ó pọ̀ jù lára wọn. Wọn kì í kọjá ẹnikẹ́ni láìkí i. Ẹni tí ó bá sì ru ẹrù kò gbọ́dọ̀ kí àgbà pẹ̀lú ẹrù lórí, ìwọ̀sí ńlá ni. Yóò kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, yóò kúnlẹ̀ bí ó bá jẹ́ obìnrin, kí ó tó tún ẹrù gbé. Ìdí nìyí tí ọjà wọn fi máa ń tú kí ọlọ́jà tó dé.

Oníwínní sọ fún mi pé àwọn alárù òun ti lọ irú iṣẹ́ yìí rí nínú ara ọkùnrin kan. Wọ́n dé ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n kí ọ̀fun. Wọ́n dé inú, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n kí inú. Wọ́n tilẹ̀ yà kí irun orí rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Oògùn náà kò sì mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́, ibi tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ sí ni ó ń jó. Ọ̀fun bó, inú dàrú, irun re dànù, nígbà tí wọn yóò sì fi dé ọ̀dọ̀ kókó, igbá òfìfo ni ó wà lórí wọn. Ọba ní láti ọjọ́ náà ni àwọn ti ń wá ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ rárá, tí yóò ṣáájú wọn. Ó ní nígbà tí àwọn rí mi tí mo wọ ìlú tí n kò kí igi ẹnubodè, gbogbo ìgbìmọ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní ẹni náà ti dé.

N kò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni àbí kí n bínú. Mo dúpẹ́.

Ó ku bí èmi náà yóò ṣe kéré. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Ẹnu-Kò-Sinmi, òun nìkan ni òfin ìkíni kò mú ní gbogbo ìlú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa bú ènìyàn títí ẹni náà yóò fi rí ara rẹ̀ bí ohun tí kò tó nǹkan. Wọ́n gbé e gun orí imú mi. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, “Wò ó bó ṣe dúró bí òpó ilé tí onílé gbàgbé. Ọdẹ ni ó pe ara rẹ̀. Àwọn ẹran ìgbẹ́ máa ń kó ọmọ wọn wá wò ó nígbà tí inú wọn kò bá dùn. Imú rẹ̀ a ti máa nájà lọ́jà, òun a ṣì máa wá bàtà nílé.” Bí ó ti ń sọ ọ́ ni mò ń sún kì. Mo kéré dé ìwọ̀n ọmọ ológbò, mo kéré dé ìwọ̀n kòkòrò, mo kéré títí mo fi ń wo Ẹnu-Kò-Sinmi lójú kòrókòró. Iṣẹ́ ti parí nígbà náà, ṣùgbọ́n ó tún bú mi sí i lẹ́ẹ̀kan, ó ní ìyẹn jẹ́ èènì.

Ìyálárù ni olórí àwọn alárù, orúkọ rẹ̀ a máa jẹ́ Akíni-Má-Gbàgbé. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n pọ̀ ju eéṣú lọ, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́. Mo dúró lójú ọ̀nà bí àgbà, mo ní kí wọ́n kọjá lára mi láìkí mi. Àwọn tí ó ṣáájú dákú. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn kọjá, wọ́n sáré padà wá bẹ̀bẹ̀. Mo wá kọ́ wọn ní orin tí yóò gba ẹnu wọn, kí ìkíni má rí àyè jáde:

Mo rí ọ, mi ò kí ọ,
Ẹrù ń bẹ lórí mi.
Bó o bá bínú, máa bínú lọ,
Mo rí ọ, mi ò kí ọ.

Wọ́n bu oògùn gbígbóná náà sínú igbá, wọ́n gbé e rù, wọ́n sì wọ ẹ̀wù ṣúgà lé ara wọn, nítorí ọba ní bí a kò bá gbé ohun dídùn wá, àwọn oníbodè orí kì í ṣílẹ̀kùn. Wọ́n fún èmi náà ní agbádá ṣúgà kan tí ó ń lẹ̀ mọ́ mi lábíyá. Atẹ́gùn Oníwínní gbé wa, ó di inú ìgò lórí tábìlì Dókítà Àríyìíkẹ́. Gbogbo wa ké lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Ẹ káàárọ̀ mà.” Ilé ire ni wọ́n ti bí dókítà, ó ti ní “káàárọ̀ o” kí ó tó rántí pé ìgò ni òun ń dá lóhùn. Ó fà wá sínú abẹ́rẹ́.

A bọ́ sínú odò ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni a kọ́kọ́ bá pàdé, bàbá kan tí ó fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà, tí ó jókòó sí bèbè odò pẹ̀lú àwọ̀n, tí ń yẹ ẹrù gbogbo àlejò wò bí àwọn kọ́sítọ̀mù. Mo ní kí wọ́n kọrin. Wọ́n kọ ọ́, ẹnu wọn ń gbọ̀n. Ẹ̀dọ̀ ní, “Ọmọ ta nìwọ̀nyí, tí wọ́n rí mi tí wọn kò kí mi?” Ọ̀rọ̀ yìí gún àwọn alárù díẹ̀ lọ́kàn, wọn kò lè mú un mọ́ra. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Oògùn jó Ẹ̀dọ̀ ní itan, gbogbo ilẹ̀ mì, mo sì gbọ́ ohùn Ìbídùnní láti òkè réré, ó ń bì. Ẹ̀yin ará, ó dùn mí dé egungun. Èmi ni mo kó wọn wá, obìnrin tí mo tìtorí rẹ̀ wá ni ó ń jìyà rẹ̀. Mo gbá àwọn yòókù síwájú, mo ní kí wọ́n kọ orin náà kíkankíkan.

Láti ibẹ̀ lọ, a kò kí ẹnikẹ́ni mọ́. A kọjá lára àwọn Kíndìnrín, ìbejì tí ń jà nítorí omi, wọ́n bú wa. A kọjá lára Ẹ̀dọ̀fóró, ó mí kanlẹ̀, ó ní ayé ti bàjẹ́. Ọkàn nìkan ni kò bínú. Ó ti ń sáré lójú kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò tí ì dé ibì kankan, kò sì ní àyè ìkíni. Nígbà tí yóò fi di pé a rí ibodè orí lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn alárù mi ti ń gbádùn ara wọn. Wọ́n ń yọ ahọ́n sí àgbà. Akíni-Má-Gbàgbé gan-an ń ju ìdí bí ó ti ń lọ. Inú mi dùn, mo ní olùkọ́ gidi ni mí.

Àwọn oníbodè orí fi èjìká kan èjìká, omi lásán kò lè gba àárín wọn kọjá. Olórí wọn ní kí ni a gbé wá. Kí n tó dáhùn, ó ti lá agbádá mi wò. Ojú rẹ̀ yí padà, ó ní, “Ṣúgà ni. Orí fẹ́ràn ohun dídùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá.” Wọ́n jẹ́ kí a kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n lá apá ọ̀tún agbádá mi tán porogodo.

Inú ìlú Ọpọlọ dára ju bí ẹnu mi ti lè sọ ọ́ lọ. Ilé ni lọ́tùn-ún, ilé ni lósì, àtùpà sì ń jó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo yọjú wo ọ̀kan, gbogbo ìkòkò tí Ìbídùnní mọ rí ni ó wà níbẹ̀. Mo yọjú wo òmíràn, wọ́n ṣì ń gbẹ̀bí Bọ́sẹ̀dé. Ṣùgbọ́n bí a ti ń wọ àárín ìlú lọ ni àtùpà ń dín kù, òkùnkùn sì ń pọ̀. Ibẹ̀ ni Kókó wà. Orí ilé àwọn ènìyàn ni ó jókòó lé, ó na ìka sínú ìkòkò ọbẹ̀ gbogbo ará àdúgbò, ó sì ń rún orúkọ nǹkan lẹ́nu bí ẹni ń jẹ obì. Abẹ́ itan rẹ̀ ni ilé kékeré kan wà tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Mo wo inú rẹ̀, mo rí ara mi. Mo rí ara mi nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, mo ń rẹ́rìn-ín níwájú ẹbu ìkòkò ìyá Ìbídùnní, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ tọrọ omi mu níbẹ̀. Àtùpà ibẹ̀ ti ń ṣẹ́jú.

Kókó wò wá. Ó ní, “Ta nìwọ̀nyí? Ṣé ẹ kò rí àgbà ni? Ẹni tí ó bá wọ ìlú mi, ìdọ̀bálẹ̀ ni ó fi ń wọ̀ ọ́.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè nítorí ayọ̀. Ohun tí a wá ṣe gan-an ni ọ̀dẹ̀ náà fi ẹnu ara rẹ̀ bèèrè. Mo yíjú sí àwọn alárù, mo ní ó tó, mo ní kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kí wọ́n kí i dáadáa.

Akíni-Má-Gbàgbé wo Kókó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó pòṣé. Ó wá dá orin, “Mo rí ọ, mi ò kí ọ,” gbogbo wọn sì gbè é.

Mo bẹ̀ wọ́n. Ó ní, “Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa, bàbá. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ìkíni ti ń fún wa ní ẹ̀yìn ríro. Nísinsìnyí tí a ti mọ bí àìkíni ti dùn tó, ṣé eléyìí ni a ó tìtorí rẹ̀ padà? Ẹ wo ojú rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé jà níyàn. Ojú náà kò dára.

Kókó bẹ̀rẹ̀ sí í wú nítorí ìbínú. Àtùpà mìíràn kú, òmíràn kú, mo gbọ́ tí Ìbídùnní ń kérora lókè, àtùpà ilé kékeré yẹn sì wálẹ̀ títí ó fi ku pípọ́n lásán. Ìgbà náà ni mo rántí pé ohun kan ṣoṣo ṣẹ́ kù tí orin mi kò lè gbà lọ́wọ́ ará Wínníwínní. Bí àgbà wọn bá dọ̀bálẹ̀, wọn kò lè dúró lé e lórí. Ẹ̀yin náà kò lè ṣe é. Ara yóò máa yún yín.

Ẹ̀yin ará, n kò dọ̀bálẹ̀ fún erin rí. N kò dọ̀bálẹ̀ fún Gàgàrà onímú méje. Ohun tí ó jókòó síwájú mi yìí ni ó gba ẹnu aya mi tí ó fi ń pe òbúkọ ní ọkọ, òun ni ó pa orúkọ Bọ́sẹ̀dé jẹ. Ìbọn mi ni ó yẹ kí n nà sí i. Mo gbé ìbọn sílẹ̀. Mo ká apá agbádá kan tí ó ṣẹ́ kù fún mi, mo na gbalaja níwájú ọ̀tá mi, mo fi àyà kanlẹ̀, mo ní, “Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Ẹ kú ìjókòó sí ilé onílé.”

Akíni-Má-Gbàgbé kọ orin díẹ̀ sí i, ó wò mí nílẹ̀, ó dá orin náà dúró. Ó ní, “Áà, bàbá, ẹ kò ṣe é re.” Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. Bí gbogbo wọn ti sọ ẹrù kalẹ̀ nìyẹn, igbá lórí igbá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí Kókó kú ìjókòó, kú òkùnkùn, kú ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀ tí ó ń lá. Inú Kókó dùn. Kò mọ̀ pé òun ń jó. Ó ní kí wọ́n sún mọ́ òun, kí wọ́n tún òun kí, wọ́n sì ń sún mọ́ ọn, oògùn sì ń ṣàn bá a. Ó tó obì, ó tó ẹ̀pà, ó tó ọkà bàbà, ó ṣì ń sọ pé kí wọ́n má dákẹ́. Nígbà tí ohùn rẹ̀ máa parẹ́, ó ń bèèrè bóyá ẹnì kan ṣì kù tí kò tí ì kí òun.

Àtùpà ń tàn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn alárù rí i pé orí àwọn ti fúyẹ́, wọ́n bá dìde, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń kí onílé, bí ẹni tí ebi ìkíni ti ń pa láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi kò dìde. Ara mi kọ̀. Omi kan ti ń sun láti abẹ́ àwọn ilé náà, ó gbé mi bí mo ti wà nílẹ̀, ó gbé mi gba ọ̀nà tóóró kan, mo rí ìmọ́lẹ̀, àfi gbì.

Ilẹ̀ ọsibítù ni mo bára mi. Mo ti padà sí bí mo ṣe ga tẹ́lẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìbídùnní, ara mi tutù fún omijé rẹ̀. Dókítà Àríyìíkẹ́ ń bi mí pé kí ni mò ń ṣe nílẹ̀. Ìbídùnní ti la ojú, ó sì ń wò mí. Ó wò mí pẹ́. Bí ó bá pè mí ní ìdérí ìkòkò, mo mọ̀ pé n kò ní dìde níbẹ̀ mọ́.

Ó ní, “Bàbá Bọ́sẹ̀dé, ẹ dìde nílẹ̀. Ohun tí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ti lọ.”

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn o. Ẹni tí ó bá ní irọ́ ni mo pa, kí ó má bi mí mọ́. Kí ó yíjú padà bi obìnrin tí ó jókòó sí ẹ̀yìn yín yẹn, tí ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Òun ló ni orí tí mo wọ̀.